Ilà Ojú Akọni

Èjìká òsì mi ló máa ń kọ́kọ́ mọ bí ọjà oṣù ṣe rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, màá gbé báàgì ìwé tuntun kọ́ ọ, màá wọ trotro, ọkọ̀ akérò Kumasi, lọ sí Dichemso, màá tún wọ òmíràn lọ sí Santasi, láti pín ìwé fún àwọn tó ń bá wa tà á. Ní ìparí oṣù, màá padà lọ kó èyí tí kò tà. Bí báàgì bá fúyẹ́ nígbà tí mo bá ń bọ̀ ní Alabar, àdúgbò wa, ọjà dára nìyẹn. Bí okùn rẹ̀ bá ń gé mi léjìká, mo ti mọ ohun tí màá bá ọ̀gá wa sọ kí n tó dé ilé ìtẹ̀wé.

Ìwé àwòrán ni, irú èyí tí akọni kan máa ń fò lójú ọ̀run, tó ń fi ọwọ́ kan dá ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti já dúró. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń yà á. Ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé jẹ́ ọkùnrin Asante kan tí gbogbo wa ń pè ní Wofa, bí wọ́n ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni ní èdè wọn. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣooṣù. Orúkọ òyìnbó wà lára ìwé náà, ṣùgbọ́n nílé wa, Afaṣọbojú la ń pe akọni yẹn, nítorí pé láwàní ló fi wé orí àti ojú rẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló hàn.

Láwàní yẹn nídìí. Bàbá wa, tó ti Ìlọrin wá sí Kumasi nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, alfa ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá ya ojú ohun ẹlẹ́mìí, wọn yóò ní kó fẹ́ ẹ̀mí sí i ní ọjọ́ àlùkìyámà. Àbúrò mi ní tirẹ̀ kò lè ṣe kó má yàwòrán; láti kékeré ló ti ń fi èédú ba ògiri ilé jẹ́. Nígbà tí Wofa gbà á síṣẹ́, àbúrò mi bo ojú akọni rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà di ìjà. Bàbá gbé àwòrán àkọ́kọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ó dáa. Aṣọ lo yà." Gbogbo wa mọ̀ pé ó mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ àbúrò mi ń gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà nígbà náà, a kò sì gbúròó àwọn mìíràn nínú wọn mọ́ títí dòní. Iṣẹ́ ìwé yìí ló dá ọmọ Bàbá dúró sílé.

Díẹ̀díẹ̀, mo wá mọ oṣù bí àgbẹ̀ ṣe ń mọ̀ ọ́n. Oṣù tí ilé-ìwé bá wọlé kì í dára, nítorí ìwé tí wọn yóò kọ nǹkan sí ni àwọn òbí ń rà. Oṣù Ìtùnú Àwẹ̀, àwọn ọmọ Alabar yóò fi owó ọdún wọn ra tiwa. Kérésìmesì jẹ́ ti Dichemso àti Santasi. Àwọn ọmọ Asante ní Asante ni akọni náà. Àwọn ọmọ Hausa búra pé ẹni tó wé láwàní báyẹn kò lè jẹ́ ẹlòmíràn ju Hausa lọ. Àwọn tiwa ní tiwa ni. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo rò pé ìwé kékeré kan ti ṣe ohun tí àwọn àgbà ìlú kò lè ṣe. Ẹni tó ń gbé báàgì kiri lè ronú jìnnà.

Lẹ́yìn náà ni báàgì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Oṣù tí kò dára wúwo, oṣù tó yẹ kó dára náà wúwo. Fóònù ti wọ ọwọ́ àwọn ọmọ. Wofa pè mí, ó ní, "Sista, ojú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí. Kí àbúrò rẹ ṣí aṣọ yẹn. Bí kò bá tún tà, màá pa ìwé yìí tì." Bàbá wa ti kú nígbà yẹn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ni.

Àbúrò mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó fẹ́ yà. Nígbà tí ìwé jáde, mo ṣí i. Akọni ń tú láwàní rẹ̀ lórí òkè kan, ojú bàbá wa ló sì wà lábẹ́ rẹ̀, ojú ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, pẹ̀lú àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo gbé e lọ fún ìyá wa. Ó wò ó pẹ́. "Alfa," ó ní, bí ẹni pé bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, "ẹ káàbọ̀." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àbúrò mi: "Ìwọ ọmọ yìí! Ẹni tó ní kí o má ya ojú, ojú ẹ̀ lo wá lọ yà!"

"Màámi," àbúrò mi dáhùn, "n ò mọ ojú mìíràn yà."

Ní Alabar, ìwé kò dúró. Arábìnrin àgbà kan tó mọ bàbá dáadáa ra méjì, ó ń pariwo lójú ọ̀nà pé, "Alfa tí kì í gun àtẹ̀gùn láìsinmi, òun ló ń fò kiri báyìí!" Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo sáré lọ sọ fún àbúrò mi pé ìlú ti gbà á. Alabar nìkan ni mo tíì rí o, mo sì ti ń sọ̀rọ̀ ìlú.

Ní Dichemso, ọkùnrin tó ń bá wa tà á kó ìwé náà padà fún mi, bí wọ́n ṣe dì í ló ṣì wà. Obìnrin Santasi ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. "Maame, àwọn ọmọ ní Àlátà ni." Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn. "Wọ́n ní bí àwọn bá já sí kòtò, yóò kọ́kọ́ ná ọjà kó tó yọ àwọn." Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó tún bá mi gbé báàgì sí èjìká, nítorí pé ènìyàn dáadáa ni. N kò rí ẹni bínú sí nínú trotro yẹn. Okùn báàgì ń gé mi.

Wofa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní, "Èmi ò bá Àlátà jà. Ẹ̀yin náà ni ìyàwó mi ń ra aṣọ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n kó pa ilà yẹn rẹ́. Bí oṣù tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, mepa wo kyɛw, ó parí." Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni mepa wo kyɛw, ṣùgbọ́n àwọn Asante máa ń fi síwájú ohun tí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan ń pè é pé ọkọ̀ kan ń lọ sí Àgádésì, ní ẹnu aṣálẹ̀ ọ̀nà Líbíyà, àyè ṣì wà nínú rẹ̀.

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ilé ìtẹ̀wé, mo jókòó tì í. "Àǹtí, kí ni kí n ṣe?" N kò lè ní kó pa ilà náà rẹ́, n kò sì lè ní kó fi í sílẹ̀. Mo ní, "Màámi ò lè ṣe àdúà ogójì ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan." Ó yíjú padà sí kọ̀ǹpútà. Bàbá máa ń sọ fún wa pé títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán, a di oge. Ó sọ bí wọ́n ṣe di òun mú, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dà, bí ìyá rẹ̀ ṣe sunkún. Àbúrò mi fi ìka kan tẹ nǹkan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ti òsì mọ́.

Ìwé oṣù yẹn tà. Báàgì mi fúyẹ́ láti Santasi dé Alabar. Mo mú ọ̀kan lọ fún ìyá wa bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó bi mí pé, "Ọmọ ta ni èyí?" Àbúrò mi wà níbẹ̀. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ pọnmi, nígbà tí omi kún ilé.

Ìyá tẹ́ ìwé náà sí orí itan rẹ̀. Ó ní kí n gbé tìróò òun wá. Ó ti ọ̀pá rẹ̀ bọ inú ìgò, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì rọra fa ilà mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún akọni náà, mẹ́ta sí òsì. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ. Lẹ́yìn náà ló fi ìwé náà sí abẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Àbúrò mi ṣì ń yàwòrán. Ó gbéyàwó, ó wà ní Kumasi, mo sì ń dúpẹ́ fún ìyẹn lójoojúmọ́. Bó bá wá kí ìyá, kì í fọwọ́ kan ìwé. Oṣooṣù ni mo ṣì ń mú ọ̀kan wá, oṣooṣù ni ìyá ń béèrè tìróò. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ilà mẹ́rin ló fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, méjì sí èkejì, ọ̀kan nínú wọn sì gba orí imú kọjá. Ó bi mí pé, "Ṣé ó jọ ọ́?"

Mo ní ó jọ ọ́. Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo jáde. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Gbogbo ìwé oṣù náà ti tà.