Ọjọ́ Tí Irun Àǹtí Ṣadé Di Àwọ̀ Ewé

Ọjọ́ tí irun ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ṣadé, di àwọ̀ ewé kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Àǹtí fẹ́ lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó ti fi oògùn bó irun rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, ojú wá ń tì í. Ó ra dáì aláwọ̀ eérú ní Òṣòdì, mo sì bá a fi kun orí. Òórùn rẹ̀ dà bí ìtọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí a ṣan án, irun náà ti di àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ìdọ̀tí inú gọ́tà. Èébì ń gbé mi.

Mo sáré lọ pe Ìyá Kúnlé, onídìrí àdúgbò wa. Wọ́n dé, wọ́n fọwọ́ bo imú wọn. Wọ́n ní, "Àwọ̀ aró wà nínú dáì yẹn. Bí aró bá pàdé ìyeyè, ewé ló máa dà!"

Àǹtí bú sẹ́kún, ó kọjú sí mi. "Gé gbogbo ẹ̀!"

Mo gé e mọ́lẹ̀. Irun tútù ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìdin.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀lé e lọ. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fọwọ́ pa á lórí. "Orí rẹ mà dára o, ọmọ mi." Inú wa dùn títí wọ́n fi gbé ọbẹ̀ ilá wá. Mo wo bó ṣe ń yọ̀, mo sì sáré jáde lọ bì.