Ẹran fún Ìyálé, Ìpẹ́ fún Ìyàwó

Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń ṣí ìpẹ́ kúrò lára akíkà, ẹranko tó máa ń ká ara rẹ̀ kò bí ẹ̀rù bá bà á. Tí omi náà bá ti kàn án lára, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé wa lábúlé Japara, á wọ aṣọ tí a sá. Mo kórìíra òórùn yẹn ju bó ti yẹ lọ, torí pé orogún mi ló ni ìpẹ́.

Ọdẹ ni bàálé wa. Àáfà ti wàásù fún un pé kó ṣe déédéé láàárín àwa méjèèjì, ó sì gbọ́ràn: iṣu dọ́gba, aṣọ dọ́gba. Nígbà tó kan ẹran ìgbẹ́, ó ní ẹran fún ìyálé, ìpẹ́ fún ìyàwó. Lójú tirẹ̀, ó pín in dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹran tèmi, bí n kò bá tètè tà á, eṣinṣin ló ni ín. Ìpẹ́ kì í bàjẹ́. Àwọn oníbàárà ń gbé mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde wá bá ìyàwó nílé, wọ́n á máa pè é ní màdáámù. Èmi tí mo ti ń fẹ́ná lójú títì ìlú Òru látàárọ̀, ìyá ẹlẹ́ran ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní "Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú." Tèmi kò tilẹ̀ dé ọ̀fun.

Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ṣàlàyé lọ́jà pé akíkà ti ń tán nínú igbó, pé òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti pa á tàbí ta ìpẹ́ rẹ̀, èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù. Ọ̀kan nínú wọn yìn mí pé mo fẹ́ràn ẹranko. Akíkà wo? Ìyàwó ni mo ń wò.

"Ìyálé mi, ṣé kò ní ṣeé tà mọ́ báyìí?" ló bi mí bí a ti ń lọ sílé.

"O ṣáà gbọ́ ohun tí wọ́n wí," ni mo dá a lóhùn, inú mi ń dùn.

Ìyàwó kò lè ju ìpẹ́ náà nù. Ó di èyí tó kù sínú àpò, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, wọ́n mú oníbàárà rẹ̀ kan lójú ọ̀nà, ẹni náà sì mú àwọn òṣìṣẹ́ wá sílé wa. Wọ́n fa àpò yọ, wọ́n ní kí ìyàwó máa bọ̀. Bàálé wa, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, dìde lórí ẹní.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo pa wọ́n, èmi ni mo ní kó máa tà á. Èmi ni kí ẹ mú."

Wọ́n mú un lọ, ó sì wà ní àtìmọ́lé títí adájọ́ fi bu owó ìtanràn lé e. Èmi ni mo dáná, tí mo gbé oúnjẹ lọ bá a ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó jẹun tán, ó ṣàdúà fún mi, ó wá gbójú sókè.

"Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?"

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. Bàálé wa ti fi ìbọn sílẹ̀, kòkó ló ń gbìn. Ìyàwó ń ta gàrí, kò sẹ́ni tó ń pè é ní màdáámù mọ́. Gbogbo ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ jowú ni òfin ti bá mi kó lọ, owú nìkan ni kò bá wọn lọ. Bí bàálé wa bá jókòó ti oúnjẹ mi, mo máa ń wò ó, mo máa ń rò ó pé ká ní èmi ni wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣé yóò dìde? N kò tíì bi í rí. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò kọ́kọ́ ronú kó tó dáhùn.