Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Ló Ń Da Eérú

Ọdún tí ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bí mo bá gbé ife omi ní Ìdógùn ìlú wa, àwọn ará Ìmẹ̀rì, ìlú kejì, á sáré kó aṣọ wọlé, wọ́n á ní òjò ń bọ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kí ó lọ bi wọ́n. Ẹmu gan-an, ìdajì ni mo ń mu, àyà mi ló ń mu ìyókù.

Dókítà ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ tó ń darí ọwọ́ ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì l'Ọ́wọ̀ gbọ́, ó ra àga onítìmùtìmù. Àsìkò iṣu gbígbìn ló gbé e wá bá mi lóko, òun àti ọkọ rẹ̀, tíṣà sáyẹ́ǹsì ní pólì.

"Bàbá, ẹ di ẹrù yín," ọmọ mi ní. "Ọ̀wọ̀ ni ẹ máa gbé báyìí. Ẹ máa jókòó, ẹ máa jẹun, ẹ máa sinmi."

"Ṣé òkú ni mí ni?"

"A ò fẹ́ kí ẹ kú ni."

Àna mi sọ àga kalẹ̀, ó ń wo àwọn èébù tí mo sá sábẹ́ igi, tí mo fi eérú pa lójú. Ó ní kí ló dé tí n kò gbìn wọ́n lọ́jọ́ tí mo gé wọn.

"Wọ́n á rà. Èébù gbọ́dọ̀ jìyà díẹ̀ níta, kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ìyà yẹn ló máa fi bá ilẹ̀ jà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń ṣe nìyẹn, Bàbá. Bí ooru díẹ̀ tàbí ebi díẹ̀ bá kan sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, á jí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ dìde. Wọ́n á máa tún ohun tó wọ́ ṣe, wọ́n á máa gbá ìdọ̀tí dànù. Bí ìyà ńlá bá wá dé, kò ní bá wọn lójú oorun."

Mo yíjú sí ọmọ mi. "O gbọ́? Ọkọ rẹ ló sọ ọ́."

"Díẹ̀ ni mo wí o," àna mi yára sọ. "Tó bá pọ̀, pípa ló ń pa á. Inú ìgò àti lára eku ni wọ́n sì ti rí i, kì í ṣe lára àgbàlagbà tó ń roko."

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí èmi àti ilé ìwé tó sú ara wa, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó yẹ kí etí àgbà di sí.

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó nàka sí ìlà ebè kan. "Ẹ gbin ìlà yìí tán lójú mi. Bí ẹ bá jókòó kí ẹ tó dé ìparí, Ọ̀wọ̀ yá."

Mo bu eérú sí ọwọ́ tó ń gbọ̀n, kí n tún fi wọ́n àwọn èébù nítorí ikán. Eérú ń sẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn gbé asẹ́ dání. Nígbà tí ọwọ́ mi ṣì dúró ṣinṣin, n kò da eérú tó kárí tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ wò ó," mo ní, "ẹ̀rọ ni."

Níbi ebè mélòó kan tó gbẹ̀yìn, mo ti ń fi ọkọ́ ṣe ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀. Mo gbin èébù tó kù, mo fi ewé bo orí ebè, mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti jókòó."

"Mo gbìn ín tán kí n tó jókòó."

Ó kúnlẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eérú ọwọ́ mi. "Ẹ máa dúró síbí. Àmọ́ ìlà kan ni lójúmọ́, kí oòrùn tó mú. Díẹ̀ ni ọkọ mi wí."

Ibi tí mo di etí sí, ó ti bá mi gbọ́ ọ.

Ó gbàgbé àga yẹn sílẹ̀, tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ewúrẹ́ mi ló gbà á. Láti ìgbà tó ti ń sùn lórí tìmùtìmù ni kò ti lè fo ọgbà ẹnikẹ́ni mọ́. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, n kò ní parọ́ ìyẹn. Kí ó máa gbọ̀n. Orí èébù ni yóò ti máa gbọ̀n, kì í ṣe lórí àga.