Lẹ́tà Tó Kí Gbogbo Ọ́fíìsì Iná, Tó Gbàgbé Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí lẹ́tà kan fi ojú mi rí. Ó ń tì mí lójú díẹ̀, àmọ́ bí n kò bá sọ ọ́, yóò máa há mi lọ́fun.

Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo ní Anloga Junction. Wọ́n fẹ́ kó ẹ̀rọ náà lọ sí àdúgbò Santasi, wọ́n sì ti fọwọ́ sọ̀yà fún Màmá Rékíyà, opó tó ń ránṣọ, pé òun ni yóò gba ibẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ oníná ló sì fi ń rán an. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì iná kì í fi orúkọ ẹlòmíràn sórí mítà tí ẹni àkọ́kọ́ kò bá tíì kọ̀wé fi í sílẹ̀. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ dé kí oṣù tó parí. Bí ó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, oṣù kan gbáko ni Màmá Rékíyà yóò tún fi dúró, àwọn ọmọ yóò sì padà sílé-ìwé láìní aṣọ.

Ta ni wọ́n fún níṣẹ́ lẹ́tà? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Inú mi dùn, ẹ̀rù bà mí, inú mi tún dùn. Mo mọ̀ pé gbogbo ilé ń wò ó bóyá ìwé tí mo kà wúlò.

Mo kọ ojú ìwé kan péré. Àṣìṣe mi ni pé mo kà á sókè fún àwọn àgbà nínú àgbàlá wa ní Moshie Zongo.

Màmá àgbà ní ta ló kọ́ mi láti já wọlé onílé láìkí i. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi fún wa níná, ṣé bí a ṣe ń dágbére fún ènìyàn nìyẹn? Wọ́n ní ìkíni ni kó ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ àtilọ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Màálámù Jímọ̀, aládùúgbò wa, ní kí n ṣàdúà fún ọ̀gá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi Mèmúnà ní kí n béèrè ìbejì tí ìyàwó ẹni tó ń ka mítà bí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Mo ń sún ọ̀rọ̀ wa sísàlẹ̀, mo ń sún un. Nígbà tí mo fi da gbogbo rẹ̀ kọ tán, ó ti di ojú ìwé mẹ́rin, ọwọ́ ti ń ro mí.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni mo gbé e lọ. Obìnrin kan ló wà nídìí táípúráítà. Ó kà á tán, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ wá kà á. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

“Me nua,” ó fi Twi pè mí ní àbúrò, “a dúpẹ́, àwọn ìbejì wà dáadáa. Kí lẹ wá ń fẹ́ gan-an?”

Mo ní a fẹ́ fòpin sí àdéhùn iná wa. Ó ní níbo ni mo kọ ọ́ sí? Mo wá a lójú ìwé kìíní, mo wá a lẹ́yìn ìkẹrin. Kò sí. Ìkíni ti lé ọ̀rọ̀ jáde. Nọ́ńbà mítà kò sí, ọjọ́ tí a máa kúrò kò sí, Bàbá kò tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Ojú Màmá Rékíyà ń yọ sí mi.

Obìnrin náà wo aago. Ó ní aago mẹ́rin làwọn ń ti ilẹ̀kùn. Aago méjì ti kọjá.

Mo wọ trotro, ọkọ̀ èrò, lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá ní Anloga, mo da nọ́ńbà mítà kọ, mo kọ ìlà mẹ́ta sórí ìwé tuntun, ẹ̀dà méjì. Ìyẹ̀fun àgbàdo ti bo irùngbọ̀n Bàbá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ọkàn mi ṣe rí.

“To, ó dáa,” ni Bàbá wí, “máa sọ ìyẹn fún dírẹ́bà lọ́nà. Ibo ni n ó fọwọ́ sí?”

Wọ́n kọ orúkọ wọn ní Lárúbáwá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gba mítà.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo wọlé. Obìnrin náà fi ìfọwọ́sí yẹn wé ti inú fáìlì, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó fún mi ní ẹ̀dà kan. Ó ní kí n fi ojú ìwé mẹ́rin yẹn sílẹ̀: láti ọjọ́ tí ọ̀gá àwọn ti dé, kò tíì sẹ́ni tó ṣàdúà fún un.

Màmá Rékíyà gba iná rẹ̀ lásìkò.

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ẹ fi ẹnu kí ènìyàn, ẹ fi lẹ́tà sọ ọ̀rọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà, ẹ kọ ọjọ́, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé tún ní kí n kọ lẹ́tà mìíràn. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi kí n tó mú bírò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti bá yín tún lẹ́tà ṣe títí tó fi bàjẹ́? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.