Sílípáàsì Pupa Tó Wà Lára Mówà

Òórùn koríko tútù tó pò mọ́ ti epo bẹntiróòlù ni aṣọ wa máa ń rùn nígbà tí a ṣì ń gbé ní Mpape, kí àkọ́bí mi tó pé ọmọ ọdún méjì. Bí mo fọ̀ ọ́ títí, kò ní lọ. Koríko ni ọkọ mi ń gé káàkiri àwọn ọgbà ńlá Àbújá, mówà tòkunbọ̀ kan tí èèyàn máa ń jókòó lé bí ẹni wa mọ́tò la sì gbójú lé. Mo ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, mi ò ríṣẹ́, mo bá ń tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n wà. Ká sòótọ́, kò pẹ́ tí mo fi rò pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa rẹ̀. Mègádì ṣọ́ọ̀ṣì kan tí a máa ń bá gé koríko ló sọ mí ní Ìyá Ẹnjìnnì. "Kai, Ìyá Ẹnjìnnì, sànnu!" Màá gbé èjìká sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Mówà náà ní àìsàn kan. Kílọ́ọ̀ṣì kan wà lábẹ́ ẹnjìnnì rẹ̀ tó ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́. Bí o bá fa súwíìṣì sókè, á gbá abẹ mú, abẹ á máa yí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á fi í sílẹ̀, abẹ á dúró. Ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ ti jẹ, àlàfo àárín wọn ti fẹ̀ jù, bí ẹnjìnnì bá sì ti gbóná, kò ní lè gbá abẹ mú mọ́. Ọkọ mi á wá fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí àlàfo náà lè kéré. Kò ní irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́n, káàdì rìṣáàjì tó ti họ ló máa ń kì bọ àárín. Bí káàdì bá wọlé, tó ń há díẹ̀ bó ṣe ń fà á jáde, ó ti tó nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tó ku ọ̀la kí ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣe ìkórè, ọkọ mi ní iṣẹ́ kan ní Gwagwalada. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, òun á dé lọ́sàn-án. Bí mówà bá daṣẹ́ sílẹ̀, kí n má fọwọ́ kàn án. Ìyá ọkọ mi, tó wá láti ìlú wa ní Kogi láti bá wa gbé ọmọ, jókòó ti ọmọ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo gé e dé ìdajì, abẹ dúró. Àwọn ìyá ìjọ tó ń to àga ń wò mí. Wọ́n sì ti sọ fún wa pé bí koríko ò bá tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíì làwọn máa gbéṣẹ́ fún.

"Ìyàwó, dúró de ọkọ ẹ," ni Màmá wí.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣebí mo máa ń wò ó."

"Wíwò kọ́ ni ṣíṣe o."

Mo ti wọ abẹ́ mówà. Mo rí káàdì rìṣáàjì kan nínú báàgì mi, mo kì í bọ àárín, mo fún nọ́ọ̀tì títí ó fi há. Ohun tí mi ò rò ni pé káàdì àtijọ́ tó nípọn bíi páálí lọkọ mi máa ń lò. Tèmi, àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Mo ti fún un jù. Mo fa súwíìṣì, abẹ pariwo, àwọn ìyá ìjọ pàtẹ́wọ́. "Obìnrin bí ọkùnrin!" Mo juwọ́ sí wọn.

Nígbà tí mo gé e dé ẹ̀gbẹ́ máńgòrò, òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo tẹ súwíìṣì wálẹ̀, mo sì nawọ́ sí ọmọ mi bí mo ṣe máa ń ṣe. Bí mo bá ti nawọ́, ó mọ̀ pé òun lè máa bọ̀ nìyẹn. Ó sáré bọ̀. Ẹnjìnnì ṣì ń hó, mi ò gbọ́ pé abẹ ò dúró. Kílọ́ọ̀ṣì tí mo fún pa ò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Màmá ló rí i pé koríko ṣì ń fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mówà. Obìnrin tó máa ń di ìbàdí mú kó tó dìde, mi ò mọ bó ṣe fò. Etí aṣọ ọmọ ló rí gbá mú. Ẹsẹ̀ ọmọ kúrò nílẹ̀, sílípáàsì pupa kan bọ́, ó wọ abẹ́ mówà lọ. Wẹ́lẹwẹ̀lẹ ló jáde, ó fọ́n sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo pa ẹnjìnnì.

"Ìyá Ẹnjìnnì, o ò ṣe pàtẹ́wọ́ fún ara ẹ báyìí?" ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wí.

Òmíì ní, "Ẹ dákẹ́ jàre. Ẹ dúpẹ́ pé ọmọ wà láàyè."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fọwọ́ kàn wọ́n tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi dé, kí n tó la ẹnu, Màmá ti sọ ẹ̀bi náà di tirẹ̀. "Èmi ni ọmọ bọ́ mọ́ lọ́wọ́."

Mo kúnlẹ̀. "Kì í ṣe Màmá o. Èmi ni mo fún nọ́ọ̀tì. Èmi náà ni mo nawọ́ sí i."

Ká ní ọkọ mi pariwo mọ́ mi ni, bóyá ìtìjú ọ̀hún ì bá ti tán. Ńṣe ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ mówà, ó tú nọ́ọ̀tì, ó yọ káàdì tó nípọn láti inú àpò rẹ̀, ó sì gé koríko tó kù tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní gbogbo àkókò yẹn kò ní kí n bá òun mú sípánà. Mo dúró síbẹ̀ bí àlejò. Ó wá bọ́ sílípáàsì tó ṣẹ́kù lẹ́sẹ̀ ọmọ, ó fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ súwíìṣì.

Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Pupa rẹ̀ ti ṣá. Ààlè làwọn èèyàn rò pé ó jẹ́, nítorí náà bí a fi mówà sílẹ̀ níta, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà ló kúkú ní ọmọ àlè ní í rí ààlè tí kì í yà. Ọmọ mi ti ń lọ sí pírámárì báyìí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, òyìnbó ló fi ń dáhùn. Lọ́jọ́ kan ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sílípáàsì náà, ó rẹ́rìn-ín pé ó kéré, ó bi mí pé kí ni wọ́n so ó síbẹ̀ fún. Mo ní ààlè ni. Ó ní ta ni wọ́n pa ààlè ọ̀hún fún?

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, méjèèjì, nínú koríko.

Mo ní, "Èmi ni."