Lórí Pápá, Kò Sí Bùọ̀dá

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ẹni tó bá sọ ọ́ yàtọ̀, irọ́ ló ń pa. Ìwé mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tójú rẹ̀ mú tó tèmi ní gbogbo Ìtapàjí. Àná ni ọmọ kan pariwo “Padà!” ní pápá ẹ̀yìn ilé mi, ni òórùn koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa bá gbé mi lọ sí ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ìdíje bọ́ọ̀lù ti dé ìdajì, ẹ̀yìn ẹgbẹ́ ìlú wa sì ń jò bí ajere. Bùọ̀dá Túndé, àkọ́bí ìyá wa, ló ń dènà; Dàpọ̀, àbúrò rẹ̀, ni gólì tó ń ṣọ́ àwọ̀n. Wọ́n wá mú kóòṣì tuntun wá láti tún ẹ̀yìn náà ṣe.

Ó sọ fún Dàpọ̀ pé, “Kí o tó pe ‘Bùọ̀dá Túndé’ tán, bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n. Lórí pápá, kò sí bùọ̀dá!”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀, Dàpọ̀ lanu: “Túndé! Padà!”

Bùọ̀dá Túndé sáré padà, ó gbá a dànù. Ìyá àgbà kan nawọ́ sí Dàpọ̀, ó figbe ta: “Yéè! Ọmọ ulé ta ni èyí?” Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bùọ̀dá Túndé kò rẹ́rìn-ín.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ yẹn ló dùn ún, bí kò ṣe pé ó jẹ́ ìpè náà níṣojú gbogbo ìlú.

Ẹgbẹ́ kejì kò gbá góòlù kankan wọ àwọ̀n wa lọ́jọ́ náà. Ohun tí a pàdánù kò ju méjì lọ: ẹ̀gbọ́n kan àti àbúrò kan, tí wọn kò jùmọ̀ jẹun nínú abọ́ kan mọ́.