Okùn, Gẹdú àti Kósáìnì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò mẹ̀káníìkì ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, ohun kan náà ló sì gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bí agbára kan bá fa nǹkan ní ìdàgẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí a wá ìwọ̀n agbára náà tó ń ṣiṣẹ́ gba ojú ọ̀nà kan pàtó. Gbogbo àwa ará họ́sítẹ́ẹ̀lì ti há a sórí bíi kátíkísímù: "Kósáìnì ni ti ilẹ̀, sáìnì ni ti òkè." Mo gba orin yìí gbọ́ ju bí mo ṣe gba olùkọ́ gbọ́ lọ.

Bí mo bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, wọn yóò ní kí n máa lọ sílé pátápátá. Mo sì fi í pa mọ́ fún ìyá mi. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi ní Oǹdó, Ẹnjiníà ló sì ti ń pè mí níwájú gbogbo àwọn ìyá ìjọ. Bó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, bàtà mi ni mo máa ń wò. Ojú ń tì mí gan-an ni.

Ọdún yẹn ni àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ti yunifásítì pa. Nǹkan le débi pé gàrí tí í ṣe ọ̀rẹ́ mẹ̀kúnnù náà ti ń ṣe fújà sí wa. Ìyá mi ní n kò ní jókòó sílé máa ka igi àjà. Ó rán mi lọ sí sọ́mìlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú sí pákó, kí n máa bá wọn kọ iye pákó sílẹ̀. Àmọ́ epo dísù wọ́n bí ojú, katakátá tó ń wọ́ gẹdú lọ sídìí ẹ̀rọ sì ti di ibùsùn adìyẹ. Okùn la fi ń wọ́ ọ. Akọ̀wé o, alágbàṣe o, gbogbo wa la jọ ń fà.

Bàbá kan láti Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ ni olórí òṣìṣẹ́ wa. Kò pe igi ní igi rí. Ugi ni tirẹ̀. Ó máa ń so okùn méjì mọ́ orí gẹdú, ẹgbẹ́ kan á fà lápá ọ̀tún, ẹgbẹ́ kejì á fà lápá òsì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn mú hanhan. Èmi ni mo wà níwájú okùn ọ̀tún. Mo tajú kán rí ibòji igi máńgòrò, mo bá ń rọra yà síbẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì ń bá mi yà láìjanpata. A fà títí iṣan ọrùn wa yọ. Gẹdú ò rìn; ṣe ni orí rẹ̀ ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

"Ẹ dúró!" ni bàbá náà ké. "Ùwọ akọ̀wé, ṣé abẹ́ máńgòrò ni ugi yìí ń lọ ni?"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀pá méjì, ó tẹ́ ọ̀kan sí ojú ọ̀nà gẹdú, ó tẹ́ èkejì sábẹ́ okùn wa.

"Wo ẹnu tí àwọn ọ̀pá yìí là. Bó ṣe ń là sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ ń ṣòfò. Bó bá là jù, ùwọ àti ugi ò jọ ń lọ síbì kan náà mọ́. Àwọn ará òsì lò ń bá fa ìjà."

Ó lé wa padà sínú oòrùn títí ẹnu náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. A tún fà. Gẹdú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹnu tèmi náà wá là. Kósáìnì ni bàbá yìí ń sọ! Bí okùn bá bá ọ̀nà lọ, gbogbo agbára ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnu bá là tó ọgọ́ta dígírì, ìdajì ló kù. Tó bá di àádọ́rùn-ún, òfo ni. Kósáìnì kì í ṣe ti ilẹ̀ rárá. Ọ̀nà tí a bá ti wọn ẹnu náà ló ni ín. Nínú ìdánwò mi méjèèjì, ara òpó tó dúró ṣánṣán ni wọ́n ti wọn igun, èmi sì gbé kósáìnì fún ilẹ̀ nítorí pé orin sọ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi, mo tún rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ṣí yunifásítì, mo padà sí Àkúrẹ́, mo jókòó síwájú ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Okùn kan ń fa òpó; ọgbọ̀n dígírì ló wà láàárín okùn àti òpó; kí a wá agbára tó ń fà gba ojú ilẹ̀. Ọwọ́ mi ti kọ "kó". Mo dá ọwọ́ dúró. Mo fi báírò ṣe òpó, mo fi rúlà ṣe okùn, mo wo ẹnu wọn lórí tábìlì. Òpó tí wọ́n ti wọn igun ló ni kósáìnì, sáìnì ló kù fún ilẹ̀. Láti okùn dé ilẹ̀, ọgọ́ta dígírì ló kù. Ìdajì! Mo fagi lé "kó", mo kọ sáìnì.

Nígbà tí èsì jáde tí mo sì padà sí Oǹdó, sọ́mìlì ni mo kọ́kọ́ yà. Mo ròyìn bí ọ̀pá méjì rẹ̀ ṣe ràn mí lọ́wọ́ nínú ìdánwò, bàbá náà sì bi mí pé ọdún mélòó ni wọ́n fi kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀pá yìí. Mo ní ọdún mẹ́ta. Ó mi orí, ó ní kí n kó àwọn olùkọ́ wa wá kí wọ́n wá fa ugi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi tún ké sí mi láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹnjiníà!"

"Mà!" ni mo dáhùn, mo sì wò ó lójú.

Ó fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "O ò wo bàtà rẹ lónìí. O ti yege, àbí?"